Ebè tí Bámitálẹ́ Kọ fún Bàbá Mísì

Wọ́n ti sọ ọ̀rẹ́ mi di ẹni yẹ̀yẹ́ lójú gbogbo ayé, kò sì sẹ́ni tó bi í bóyá ó fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Àwọn ọmọ-ọmọ mi ká fóònù kan mọ́ àárín ní pálọ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín débi pé ọ̀kan di ikùn mú. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n rí i. Fíìmù ni. Ọmọ iléèwé kan tó wọ ṣòkòtò péńpé, tí wọ́n fi nǹkan kun lójú bí ẹni tó yí nínú eérú, ń sáré tẹ̀lé tíṣà obìnrin kan kiri. Ó já sínú ṣáláńgá. Ó jáde, ó tún já sínú rẹ̀, bí ẹni pé ẹ̀ẹ̀kan kò tó láti fi hàn pé ẹni tó kọ eré náà kò ní làákàyè. Lẹ́yìn náà ni tíṣà yìí wá pe ọmọ náà lórúkọ: Bámitálẹ́, ọmọ Ìdó.

Mo mọ Bámitálẹ́. Bẹ́ǹṣì kan náà ni a jọ jókòó lé. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ti wo pàǹtí yẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí fún yín, nítorí mo wà níbẹ̀, ẹni tó ṣe fíìmù kò sì tíì dáyé nígbà náà.

Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Iléèwé wa kún débi pé àwọn kan ń gbé àpótí ìjókòó wá láti ilé, àwọn mìíràn ń jókòó lé òkúta. Bí ọyẹ́ bá dé, eruku ojú títì á bo síléètì wa, ìka la ó kọ́kọ́ fi kọ̀wé kí a tó mú ẹfun. Àkókò yẹn ni wọ́n gbé Mísì, tíṣà wa obìnrin, wá bá wa. Ọmọ Ifisin ni, kò jìnnà sí Ìdó. Kẹ̀kẹ́ ló máa ń gùn wọ ọgbà iléèwé pẹ̀lú bàtà funfun lẹ́sẹ̀, gbogbo wa á sì dá bọ́ọ̀lù dúró láti wo kẹ̀kẹ́. Bámitálẹ́ nìkan ni kì í wo kẹ̀kẹ́.

Ó ga jù wá lọ, ọ̀rọ̀ kì í sì pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Mísì yìn ín lọ́jọ́ kan pé ohùn rẹ̀ dára nínú orin, ọ̀rọ̀ sì bàjẹ́. Láti ọjọ́ náà, òun ló ń gbá iwájú kíláàsì Mísì kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Àwa náà kò jẹ́ kó sinmi. Bí Mísì bá lu agogo, ẹnì kan á ní, "Bámitálẹ́, ìyàwó rẹ ń pè ọ́ o."

Ìgbà tó sú u, ó ní, "Ẹ máa wí. Ọjọ́ tí ẹ bá jẹ uyán ọwọ́ rẹ̀ nílé mi, ẹ ó dákẹ́."

Láyé ìgbà yẹn, ẹni tó bá ń fẹ́ ọmọ ọlọ́mọ kì í fi ẹnu lásán fẹ́ ẹ. Á bẹ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wẹ̀, wọn á jọ lọ kọ ebè lóko bàbá ọmọ. Bámitálẹ́ ti tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ irú ọ̀wẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó rí i bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ohun tí kò rí ni gbogbo èyí tó ṣáájú rẹ̀: alárinà, ìdílé tó ń lọ tó ń bọ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọbìnrin náà fúnra rẹ̀. Ó rò pé ebè ló ń gbé ìyàwó.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe kó wa jọ ní Sátidé kan, tọkọ́tọkọ́, a forí lé Ifisin. Ó ní bó bá kan tiwa, òun náà á bá wa lọ. Bàbá Mísì bá wa lóko. A dọ̀bálẹ̀ nínú ìrì.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, kí lẹ wá ṣe?"

"Uṣẹ́ la wá ṣe, Bàbá," ni Bámitálẹ́ wí.

Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́. A kò mọ̀ pé wọ́n ti tọrọ Mísì fún akọ̀wé kan ní Ọ̀tùn. Bàbá rò pé àwọn àbúrò akọ̀wé náà ni wá. A kọ ebè títí oòrùn fi gun orí. Ó sun iṣu fún wa, ó bu epo sí i, ó ní, "Ẹ bá mi kí àna mi ní Ọ̀tùn. Ẹ ní mo rí uṣẹ́ rẹ̀."

Bámitálẹ́ gbé iṣu ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Bàbá, kò sẹ́ni tó rán wa láti Ọ̀tùn. Èmi ni mo wá sìn yín. Mísì ni mo fẹ́ fẹ́."

Nínú fíìmù, bàbá fa àdá yọ, ajá sì já ṣòkòtò ọmọ náà bọ́ nídìí. Irọ́ ni. Ọ̀kan nínú wa rẹ́rìn-ín, Bàbá wò ó, ẹ̀rín náà kú sí i lẹ́nu. Bàbá wo àwọn ebè náà. Ó ní, "Ọmọ mi, wọ́n ti tọrọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ tí o kọ ebè báyìí, o ò ní í wá ìyàwó tì." Ó wá lọ síbi tó to iṣu sí, ó di èbù fún un, ó ní kó lọ fi dá oko tirẹ̀.

Nínú fíìmù, tíṣà nà án lójú gbogbo iléèwé. Irọ́ ni. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Mísì pè é sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Mo gbọ́ ọ: "Bàbá mi ní kí n kí ọ. Wọ́n ní ebè rẹ dúró dáadáa." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà tí Mísì ń lọ ilé ọkọ, wọ́n ránṣẹ́ pe Bámitálẹ́ kó wá bá wọn kó ẹrù ìyàwó sínú lọ́rì. Ó kó o. Ó sunkún díẹ̀, ó fi apá nu ojú, ó tún gbé àpótí tó kàn. Iṣu inú èbù yẹn ló padà rán an lọ sí iléèwé mọ́dà, èyí tí a máa ń lọ lẹ́yìn alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló wá bá a láti Èkó lọ́dún tó kọjá, pẹ̀lú kámẹ́rà. Ó ní àṣà àtijọ́ lòun ń kó jọ kó má baà parun. Ó jẹ iyán ní ilé rẹ̀, ó pè é ní Bàbá, ó gba ìtàn náà lẹ́nu rẹ̀, ó sì lọ fi ṣe ohun tí mo rí.

Ní báyìí, bí Bámitálẹ́ bá yọ sí ìta, àwọn ọmọ àdúgbò á pariwo, "Ọkọ Mísì!" Kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, òun tó ti ń ṣáájú orin níbẹ̀ láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú. Ẹ̀yìnkùlé ni mo bá a. Ó bi mí pé, "Ṣé ohun tí mo sọ fún un nìyẹn?"

Ọ̀pọ̀ nǹkan ti yí padà ní ìlú wa, n kò sì ń sunkún gbogbo rẹ̀. Ta ló fẹ́ padà sí síléètì eléruku? Ọmọkùnrin ṣì ń ya òmùgọ̀ nítorí obìnrin, èyí kò ní í parí láé. Ohun tó dùn mí ni pé nígbà yẹn, àgbàlagbà rí òmùgọ̀ ọmọdé, ó bò ó láṣìírí. Ẹ̀yin tí ẹ ṣe fíìmù rí i, ẹ fi ń pa ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí lẹ́rìn-ín.

Nítorí náà, mo ń béèrè lọ́wọ́ yín, ẹni tó kọ ọ́, ẹni tó yà á, ẹni tó náwó sí i. Ta ló gbà yín láyè láti lo orúkọ rẹ̀ àti orúkọ ìlú rẹ̀? Ta nínú yín ló ronú kan ṣáláńgá? Èsì tí Bàbá fún un lóko, kí ló dé tí ẹ gé e kúrò? Ẹ má wá dá mi lóhùn. Ẹ padà sí Ìdó, ẹ jókòó ti Bámitálẹ́ ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Ìbéèrè tó bi mí yẹn, ẹ̀yin ló yẹ kó bi. Kí ni ẹ fẹ́ sọ fún un?