Ebè Lójú Ọ̀nà Alùpùpù

Pápá kékeré kan wà lẹ́yìn ilé wa ní Ballymun, nílùú Òyìnbó níbí, tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin máa ń gun alùpùpù kiri lórí rẹ̀. Gbogbo ibi tí táyà ń gbà ni koríko ti kú. Àwa ará àdúgbò fọ́n irúgbìn òdòdó síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kò hù. Aládùúgbò mi, ìyá àgbà Òyìnbó tó ń darí ìpàdé wa, ní tí kò bá tún hù lọ́dún yìí, òun á ní kí kánsù da kọnkéré bò ó. Ó dùn mí. Ibẹ̀ ni mo máa ń jókòó sí tí oòrùn bá yọ, oòrùn ibí kì í sì í yọ lójoojúmọ́.

Ọmọ ọmọ mi obìnrin, tó ń kọ́ nípa ilẹ̀ ní yunifásítì, fi àwòrán aṣálẹ̀ hàn mí lórí fóònù. Ọkọ̀ ti kọjá níbẹ̀ kí wọ́n tó bí ìyá rẹ̀, ipa táyà ṣì wà. Ó gbọ́ Yorùbá, àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń fèsì. Ó ní ojú ilẹ̀ aṣálẹ̀ ní èépá fẹ́lẹ́ tó di yanrìn mú. Tí táyà bá ti fọ́ ọ, afẹ́fẹ́ á gbé yanrìn lọ, abẹ́ rẹ̀ á le, omi ò ní wọlé, gbòǹgbò ò ní ríbi gbà.

"Tiwa náà nìyẹn," ni mo wí. "Ọkọ́ là ń fi tú ilẹ̀ tó bá le."

"Ẹ̀yìn yín ńkọ́, Màmá?"

"Kò tíì fẹjọ́ sùn mí."

Ọwọ́ ọkọ́ tí wọ́n ń tà níbí gùn bíi ti ìgbálẹ̀ Òyìnbó. Mo ní kí bàbá ọmọ ọmọ mi gé e kúrú, kí n lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa. Mo fi ọjọ́ mẹ́ta tú ojú ọ̀nà táyà, mo fọ́n irúgbìn sí i. Ní ẹnu ibi tí wọ́n ń gbà wọlé, mo kọ ebè mẹ́wàá, kí alùpùpù má lè kọjá. Aládùúgbò mi wò ó títí, ó ní, "Ta lẹ sin síbẹ̀?"

Ní Sátidé, àwọn alùpùpù dé. Ṣe ni inú wọn dùn. Wọ́n ń fi ebè mi fò sókè, wọ́n ń juwọ́ sí mi. Ọmọ ọmọ mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

"Màmá, ẹ ti ṣe ibi ìṣeré fún wọn."

Èmi ń wo ibi tí mo fọ́n irúgbìn sí. Táyà kankan ò débẹ̀. Wọn ò ráyè ibẹ̀ mọ́. Ẹnu ebè ni wọ́n tò sí. Ọ̀kan bọ́ akoto rẹ̀, ó ní ṣé mo lè jẹ́ kí ti ìkẹyìn ga díẹ̀.

"Tẹ́ ẹ bá ti yẹra fún òdòdó mi, màá gbé e ga."

Ó ní kò burú. Ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni mo ń tún ebè kọ.

Nígbà tí òdòdó yọ, aládùúgbò mi wá dúró síbẹ̀ pẹ́. Kò dárúkọ kọnkéré ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e. Ó kàn ní ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé òun náà le, ṣé mo lè yá òun ní ọkọ́.