Abẹ́rẹ́ Ìyá Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta àti Ìwé Àwọn Ọlọ́kọ̀ Ajá

Iṣẹ́ aránṣọ ló sọ ọ́ ní Ìyá Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Bí o bá gbé aṣọ lọ bá a, yóò wọn èjìká rẹ, yóò kọ ọ́ sílẹ̀. Yóò tún un wọ̀n, yóò fi wé ti àkọ́kọ́. Yóò wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kẹta, lẹ́yìn náà yóò yí ìwé sí ọ pé kí o fọwọ́ sí i pé ara rẹ nìyẹn. Àwọn oníbàárà a máa fajú ro.

"Ìyá Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ṣé mo fẹ́ jí èjìká ara mi gbé ni?"

"Èmi ò mọ̀. Ẹ ṣáà fọwọ́ sí i."

Kì í rẹ́rìn-ín bó bá ń wí i. Ọgbọ̀n ọdún ó lé ló ti fi ń di àlùmọ́gàjí mú, kò sì tíì gé aṣọ ẹnikẹ́ni kó kéré.

Wọn kò bí i bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, ọjọ́ kẹta ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mú ìwé kan wá, ó ní kó kàn tẹ̀ka sí i pé àwọn mọ̀lẹ́bí wá kí i. Kò mọ̀wé nígbà náà, omijé sì kún ojú rẹ̀. Ó tẹ̀ka. Ìkíni yẹn ló gba ṣọ́ọ̀bù tí òun àti ọkọ rẹ̀ jọ ń lò lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ara rẹ̀ ní ìwé kíkà, láti ara bébà àwòṣe aṣọ tí wọ́n máa ń kọ "iwájú", "ẹ̀yìn" àti "ẹ ṣẹ́ ẹ po níbí" sí. Ẹni ejò bá bù ṣán rí, bó rí ekòló, á sá. Òun kì í sá ní tirẹ̀. Ńṣe ló ń yẹ ekòló náà wò láti orí dé ìrù.

Yàrá méjì ló ń gbé ní àjà kẹta ilé kan. Ibùsùn wà nínú ọ̀kan. Nínú èkejì ni ẹ̀rọ ìránṣọ, tábìlì gígùn àti fèrèsé ńlá kan wà. Òun ló rán kọ́tìnnì fún ìdajì àwọn ilé tó wà ní òpópónà náà, ṣùgbọ́n fèrèsé tirẹ̀ kò ní. Ó ní aránṣọ tó bá fi kọ́tìnnì bo ìmọ́lẹ̀, àfi kó máa fi ìka wá ojú abẹ́rẹ́.

Òun nìkan kọ́ ló ń gbé ibẹ̀. Ó ní ajá kan, pupa rúsúrúsú, tí etí rẹ̀ kan dúró tí èkejì sùn. Fura ló sọ ọ́, nítorí ìfura loògùn àgbà. Ṣùgbọ́n orúkọ kò ro ajá yìí rárá. Ẹni tó bá ti wọlé ni Fura ń lá lọ́wọ́, ì báà ṣe olè. Kì í gbó, kì í ké. Ọdún mọ́kànlá rèé tó ti ń sùn sábẹ́ ẹ̀rọ, tí ìyá náà sì ti mọ̀ pé bí ẹsẹ̀ òun bá kúrò lórí ẹ̀rọ, irun gbígbóná kan ló máa bà lé. Lẹ́yìn tí ọmọbìnrin rẹ̀ ti lọ sílé ọkọ, ajá yìí nìkan ló kù tó ń mí nínú ilé pẹ̀lú rẹ̀.

Ní oṣù tí à ń wí yìí, kókó kan yọ sí Fura níkùn. Dókítà ẹran gé e kúrò, ó rán ojú rẹ̀, ó sì gbé ike kan kọ́ ọ lọ́rùn, tó dà bí àrọ tí wọ́n fi ń rọ epo, kó má baà lá egbò. Fura fi àrọ náà gbá gbogbo ògiri ilé. Kò jẹ, kò mu. Ìyá Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta padà lọ bi dókítà léèrè bóyá ẹ̀wù lè ṣe é. Dókítà ní kò burú bí kò bá ti ní tú.

Bọ́tìnnì ńkọ́? Ajá já a. Síìpù ńkọ́? Irun há sí i. Nítorí náà, ohun tó máa ń ṣe fún ìyàwó tí aṣọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lára ló ṣe fún ajá: ó ń rán ẹ̀wù náà pa mọ́ ọn lára. Láràárọ̀, á gbé Fura sórí tábìlì lójú fèrèsé, á tú òwú àná, á fọ ojú egbò, á wọ ẹ̀wù mímọ́ fún un, á sì fi abẹ́rẹ́ gígùn àti òwú funfun rán etí ẹ̀wù méjèèjì pọ̀ lábẹ́ ikùn. Ajá á fẹ̀yìn lélẹ̀, á na ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sókè, á máa sùn. Kò sí aránṣọ tí ìyẹn kò ní yé. Gbogbo ayé kọ́ ni aránṣọ, ibẹ̀ yẹn ló gbàgbé.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, bí aago mẹ́wàá àárọ̀, wọ́n kan ilẹ̀kùn.

"Ta nìyẹn?"

"Àwa ni, màmá."

"Ẹ̀yin wo? Èmi náà, 'èmi ni' ni mò ń jẹ́ nínú ilé tèmi."

Ó yọjú ní ihò ilẹ̀kùn. Ọkùnrin onírùngbọ̀n kan àti ọ̀dọ́bìnrin kan ló rí, àwọn méjèèjì wọ aṣọ àwọn ọlọ́kọ̀ ajá, ìyẹn àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹran ilé. Ó rántí ọ̀rọ̀ kan tí Lọ́yà, oníbàárà rẹ̀ kan, sọ nígbà tó ń wọn ẹ̀wù dúdú tó fi ń lọ sí kóòtù fún un: "Màmá, ilẹ̀kùn tí ẹ bá ṣí sílẹ̀, ìkésíni ni lójú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Bí ẹ bá fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀, ẹ jáde, kí ẹ pa á dé." Ó jáde. Ó pa á dé. Ó di kọ́kọ́rọ́ mọ́wọ́.

"Ẹ káàárọ̀, màmá," ni onírùngbọ̀n wí. "Wọ́n fi ẹjọ́ yín sùn wá pé ẹ ń fìyà jẹ ajá. Ẹ jẹ́ ká wọlé wò ó. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni."

"Ta ló fẹjọ́ sùn?"

"A kì í sọ ìyẹn."

"Kí ni wọ́n ní mo ṣe, ẹ kì í sọ ìyẹn náà?"

Ọkùnrin náà wo bébà ọwọ́ rẹ̀. "Wọ́n ní ẹ ń fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán ikùn ajá láàyè. Láràárọ̀. Lójú fèrèsé."

Ó gbé ojú kúrò lára bébà, ojú náà sì bọ́ sí àyà Ìyá Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Ìyá náà wo ibi tó ń wò. Abẹ́rẹ́ gígùn wà níbẹ̀, ó fi gún ẹ̀wù rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àwọn aránṣọ ti ń ṣe, òwú funfun ń mì lẹ́yìn rẹ̀.

Ó la ẹnu láti ṣàlàyé. Ó tún un pa dé. Ẹyin lọ̀rọ̀, onírùngbọ̀n yìí sì ti yọ bírò.

"Ìwé àṣẹ ilé ẹjọ́ yín dà?"

"Màmá, ẹni tí kò bá ní ohun tó ń fi pamọ́ kì í béèrè ìwé."

"Ẹni tó bá ní ìwé kì í sì í fi ẹnu wọlé."

Ọ̀dọ́bìnrin náà fi ikọ́ bo ẹ̀rín. Ọ̀gá rẹ̀ wò ó, ikọ́ náà dáwọ́ dúró.

"Bí ajá bá ń kú lọ nínú ilé," ni onírùngbọ̀n wí, "òfin ní ká wọlé láìsí ìwé."

"Ó dáa. Ẹ dákẹ́, ká jọ gbọ́ ọ bó ṣe ń kú."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dákẹ́. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn, Fura ń hanrun bí àgbàlagbà tó jẹun yó.

"Kò burú," ni ọkùnrin náà wí, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù. Ó na bébà mìíràn sí i. "Ẹ kàn bá wa fọwọ́ sí èyí pé a wá."

Ìyá náà wo bébà náà. Ohùn yìí yàtọ̀, ọdún sì ti gorí ọdún, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò yàtọ̀ sí ti ẹ̀gbọ́n ọkọ. Ó gba ìwé náà, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó yọ ìgò ojú láti inú àpò. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan. Onírùngbọ̀n mí kanlẹ̀. Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó yí i sẹ́yìn, ìka rẹ̀ sì dúró lórí ìlà kan tí lẹ́tà rẹ̀ kéré bí ẹyin iná orí.

"Ọmọ mi," ló sọ fún ọ̀dọ́bìnrin náà, "bá mi ka ibí yìí sókè. Ojú mi lè ṣẹ̀tàn."

Ọ̀dọ́bìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í kà. "'Mo fi tìfẹ́tìfẹ́ yọ̀ǹda ẹran tí a kọ sókè yìí fún ọ́fíìsì...'" Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "'...n kò sì ní béèrè rẹ̀ mọ́.'"

"Ìwé pé ẹ wá nìyí?"

"Ìwé kan náà la ń lò fún gbogbo rẹ̀, màmá," ni onírùngbọ̀n dáhùn.

"Èmi kì í fi àwòṣe ẹ̀wù ìyàwó gé ṣòkòtò ọkọ." Ó dá bébà náà padà fún un. Ó wá yọ ìwé òṣùwọ̀n tirẹ̀, ó kọ nọ́ńbà tó wà láyà aṣọ àwọn méjèèjì, ó kọ aago, ó kọ ohun tí wọ́n sọ. Ó yí ìwé náà sí wọn. "Ẹ kàn bá mi fọwọ́ sí èyí pé ẹ wá."

Onírùngbọ̀n kọ̀ jálẹ̀. Ọ̀dọ́bìnrin náà wo ọ̀gá rẹ̀, ó wo ìwé, ó kà á tán, ó fọwọ́ sí i.

"A ń bọ̀ lọ́la," ni ọkùnrin náà wí bí wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀. "Pẹ̀lú ìwé. Bí ó bá rí bí wọ́n ṣe sọ ọ́, màmá, ajá yìí kò ní sùn síbí mọ́."

Gbólóhùn yẹn bá a wọlé. Ó pe ọmọbìnrin rẹ̀ lórí fóònù.

"Màámi, ẹ gbé e wá sọ́dọ̀ mi kí wọ́n tó padà dé!"

Ó pe Lọ́yà. Lọ́yà ní kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. "Ajá tí ẹ bá fi pamọ́ ti di ẹ̀rí nìyẹn, màmá. Ẹ lọ gba ìwé lọ́wọ́ dókítà ẹran. Bí wọ́n bá mú ìwé àṣẹ wá, ẹ kà á. Ibi tí ó bá ní kí wọ́n dé ni kí wọ́n dé. Ẹ má ṣe dí wọn lọ́nà, ẹ má ṣe bú wọn. Bí wọ́n bá gbé ajá lọ, ẹ gba ìwé tó sọ ìdí, ibi tí wọ́n gbé e lọ, àti iye ọjọ́ tí ẹ ní láti pè wọ́n lẹ́jọ́. Ọjọ́ yẹn kò gbọdọ̀ kọjá. Bó bá kọjá, ó parí."

"Orúkọ ẹni tó rojọ́ ńkọ́?"

"Òfin ní kẹ́ ẹ mọ ohun tí wọ́n sọ, màmá. Kò ní kẹ́ ẹ mọ ẹni tó sọ ọ́."

Ìyẹn kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó dúró lójú fèrèsé. Fèrèsé mẹ́ta péré ló kọjú sí tirẹ̀. Ti onígbàjámọ̀ ni àkọ́kọ́, ẹni tí Fura bí nínú lọ́dún tó kọjá nígbà tó jókòó lé irun tó gé sílẹ̀. Ti apòògùn ni èkejì, ẹni tí inú rẹ̀ kò dùn pé ìyá náà lọ ra oògùn ajá níbòmíràn. Ẹ̀kẹta jẹ́ ti tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì, obìnrin jẹ́jẹ́ tó máa ń juwọ́ sí i láràárọ̀. Ó kọ́kọ́ yọ tíṣà kúrò. Ó tún rò ó: ẹni tó ń kíni jù náà ló ń wo inú ilé ẹni jù. Ó dá a padà sínú wọn. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran, onígbàjámọ̀ kí i, "Màmá, ẹ kú ìrìn o!" Kò dáhùn. Apòògùn rẹ́rìn-ín sí i. Ó ka iye eyín tó yọ.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n dé. Wọ́n mú ìwé àṣẹ lọ́wọ́ lóòótọ́. Ìyá Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta lẹ́nu ọ̀nà: ilé náà ni, àjà kẹta ni, yàrá tí ẹ̀rọ ìránṣọ wà ni, kí wọ́n yẹ ajá wò. Ó ṣí ilẹ̀kùn. Fura dìde, ó lọ lá ọwọ́ onírùngbọ̀n.

"Ajá burúkú," ni ìyá náà wí lábẹ́ ètè.

Onírùngbọ̀n ti di ọwọ́ ilẹ̀kùn yàrá kejì mú.

"Ọ̀gá, ìwé yín parí síbi ẹ̀rọ."

Ọwọ́ náà kúrò níbẹ̀.

Wọ́n gbé Fura sórí tábìlì. Ó fẹ̀yìn lélẹ̀ fúnra rẹ̀, ó na ẹsẹ̀ sókè, ó dijú. Ọ̀dọ́bìnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Òwú funfun nà láti àyà dé ibi ìdí, ìrán gbọọrọ tó dọ́gba, kò sí èyí tó fi bí irun orí gùn ju èkejì lọ.

"Ẹ bá wa tú u, màmá."

Ó mú àlùmọ́gàjí kékeré. Ó ń gé òwú náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sì kánjú, nítorí ọwọ́ tó bá gbọ̀n lónìí, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ti tó láti fi gbé ajá lọ. Ẹ̀wù ṣí. Lábẹ́ rẹ̀, awọ ikùn mọ́ tónítóní, ojú egbò sì ti ń pa dé.

"Òwú dúdú yẹn ni ti dókítà," ló wí. "Funfun ni tèmi. Tirẹ̀ wọ ara, tèmi kò kọjá aṣọ. Ìwé rẹ̀ rèé."

Ọ̀dọ́bìnrin náà fi ìka tọ ojú egbò. Ó ka ìwé dókítà. Ó gbé ẹ̀wù sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó wò ó tẹ́yìntojú. "Ọ̀gá, ẹ̀wù ni. Ẹ̀wù ló ń rán."

"Síbẹ̀, ká gbé e lọ fún àyẹ̀wò," ni onírùngbọ̀n wí.

"Níbo ni ìwé yín ti sọ ìyẹn?" ni ìyá náà béèrè. Kò gbé ohùn sókè.

Ọkùnrin náà wá a nínú ìwé. Ó wá a títí. Níkẹyìn, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn kò rí ẹ̀sùn kankan tó dúró. Ìyá Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta gba ẹ̀dà kan, ó kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, iwájú àti ẹ̀yìn, kó tó fọwọ́ sí i.

Onírùngbọ̀n ti sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí ọ̀dọ́bìnrin náà yíjú padà lẹ́nu ọ̀nà.

"Màmá, n kò ní dárúkọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó pè wá, ẹkún ló ń sun lórí fóònù. Ó ní ká tètè dé kí ajá náà tó kú."

Ó lọ. Ìyá náà dúró síbẹ̀. Láti àná ló ti wọn ọ̀tá kan lọ́kàn, ó ti kọ òṣùwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀. Wàyí, ẹ̀wù ọ̀tá náà kò bá ẹni tó ń sunkún lórí fóònù mu.

Fura ṣì wà lórí tábìlì, ìhòòhò, tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí i níkùn. Ìyá Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta wo tábìlì náà bóyá kó fà á kúrò lójú fèrèsé. Kò fà á. Ó wọ ẹ̀wù mímọ́ fún ajá, ó ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Kó tó rán an, ó fi ìka méjì gbé etí ẹ̀wù náà kúrò lára awọ, títí ìmọ́lẹ̀ fi gba àárín wọn kọjá, ó sì gún abẹ́rẹ́ náà jẹ́jẹ́, ó fà á sókè, bí ẹni tó ń kọ́ ọmọṣẹ́ tuntun. Ó wá gbójú sókè sí àwọn fèrèsé mẹ́ta.

Onígbàjámọ̀ ti ti tirẹ̀. Kò sẹ́nì kankan lójú ti apòògùn. Lójú ti tíṣà, kọ́tìnnì aláwọ̀ búlúù tí òun fúnra rẹ̀ rán mì lẹ́ẹ̀kan.

Ó lè jẹ́ atẹ́gùn. Ìyá Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta dá abẹ́rẹ́ dúró, ó ń wò ó. Ẹ̀ẹ̀kan kì í ṣe òṣùwọ̀n.