Ìdùnnú, Ọmọ Abẹ́ Òkè Iná

Orúkọ tí wọ́n fi ṣèrìbọmi fún un ni Constance. Ìyá Rahmon, ọkọ rẹ̀, ló sọ ọ́ ní Ìdùnnú lórí tẹlifóònù láti Ìwó, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára. Kì í ṣe ọmọ Yorùbá. Àmọ́ àwọ̀ rẹ̀ dúdú bíi tiwa, ó sì gbọ́ Yorùbá ju àwọn ọmọ tí a bí sí Houston yìí lọ, àwọn tí kò mọ̀ ju kí wọ́n béèrè dòdò lọ. Erékùṣù kékeré kan láàárín agbami òkun ni wọ́n ti bí i, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń dé lẹ́ẹ̀kan lóṣù, bí òkun bá gbà. Rahmon ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ nígbà náà. Ẹ́ńjìnnì wọn bàjẹ́ síbẹ̀, wọ́n ń dúró de irin tí wọ́n á fi tún un ṣe, kí irin náà sì tó dé, Rahmon ti rí ìyàwó.

Ilẹ̀kùn tèmi àti tiwọn kọjú síra ní Humble, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Houston, níbi tí bàálù ti ń kọjá lórí wa bí ẹni pé ó fẹ́ ká òrùlé lọ. Èmi ń ránṣọ nílé, Ìdùnnú ń bá wọn tọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́ ní daycare. Tó bá ti dé, á wá jókòó tì mí, ọ̀rọ̀ abúlé rẹ̀ ló sì máa ń sọ. Ó ní iyanrìn etíkun wọn dúdú bí èédú. Ó ní òkè kan wà lẹ́yìn abúlé wọn tí iná ń jó nínú rẹ̀, òkúta òkè iná yẹn ni wọ́n fi ń kọ́lé, kò sì sí ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn, torí bí èèyàn bá jí ìkòkò ní abúlé tí gbogbo ojú ti mọra, ibo ló fẹ́ gbé e kaná? Ó ní tí ilẹ̀ bá mọ́, àwọn obìnrin á ri ìkòkò ẹ̀wà mọ́ ilẹ̀ gbígbóná lẹ́bàá òkè, wọ́n á gba oko ọ̀dùnkún lọ, ẹ̀wà á sì ti jinná kí wọ́n tó padà.

Mo ní, "Irọ́ lò ń pa, Ìdùnnú."

Ó ní, "Ìyá Adnan, mi ò purọ́ o. Màmá mi ò ra kẹrosíìnì rí láyé wọn."

Bàbá Àgbà ni wọ́n ń pe òkè náà. Bó bá rú èéfín, wọ́n á ní Bàbá Àgbà ń fa tábà, kálukú á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Nǹkan kan wà tí kì í fi ṣeré. Bí èèyàn bá kú ní abúlé wọn, wọ́n á sin ín, wọ́n á to òkúta dúdú sórí sàréè, ṣùgbọ́n wọ́n á fi àyè òkúta kan sílẹ̀ lápá orí. Àkọ́bí òkú ló gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé tirẹ̀ síbẹ̀. Bó bá wà lókè òkun, wọ́n á dúró dè é, ìgbà yòówù kó dé. Títí tó fi máa dé, wọn ò ní ka òkú náà sí ẹni tó ti sinmi. Ìdùnnú ni àkọ́bí ìyá rẹ̀. Ó máa ń sọ pé tí òun bá lè ṣe ìyẹn fún Màmá, òun ti ṣe ọmọ.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1996 ni ìyá náà kú. Cornelius, àbúrò Ìdùnnú, lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ tí tẹlifóònù kan ṣoṣo abúlé wà, ó pè. Rahmon ló gbé e. Ìdùnnú wà níbi iṣẹ́, oyún rẹ̀ sì ti wọ oṣù keje, lẹ́yìn tí méjì ti bàjẹ́ mọ́ ọn lára. Cornelius ní kí Rahmon bá òun sọ fún un pé àwọn ti fi àyè òkúta rẹ̀ sílẹ̀, kó máa bọ̀ tó bá ti lè rìn.

Rahmon ò sọ. Ẹ má tíì bú u o. Ta ni nínú wa ló máa sọ fún aboyún pé ìyá rẹ̀ kú? Ó gba ọ̀dọ̀ Alhaji Mùsílíù lọ, àgbà ẹgbẹ́ wa ní mọ́sálásí.

Alhaji ní, "Rahmon, panu mọ́. Jẹ́ kó sọ̀ láyọ̀ ná. Irú èyí, àwa àgbà la máa wá túfọ̀ fún un, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́."

Bí a ti ń ṣe é láti ayébáyé nìyẹn. Wọ́n sì fi pamọ́ fún èmi náà, torí wọ́n mọ ẹnu mi.

Ó bí obìnrin, Ramlat. Wọ́n ní kí a kọ́kọ́ sọmọ lórúkọ. A sọ ọ́. Wọ́n ní kó pé ogójì ọjọ́. Ó pé. Ìgbà yẹn, Alhaji Mùsílíù ti lọ sí Mẹ́kà, wọ́n ní ọmọdé kan ò gbọdọ̀ ṣáájú àgbà sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí Cornelius bá pè, Rahmon á ní ìyàwó òun ò tíì lè rìnrìn àjò. Bí Ìdùnnú bá ní òun fẹ́ pe abúlé, Rahmon á ní Cornelius ṣẹ̀ṣẹ̀ pè ni, pé Màmá ń kí i. Ìdùnnú gba ohùn ẹkún ọmọ sínú kásẹ́ẹ̀tì kí ìyá rẹ̀ lè gbọ́ ọ, ó ní kí Rahmon bá òun fi ránṣẹ́. Rahmon gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Inú ṣì ń bí mi sí kásẹ́ẹ̀tì yẹn.

Ilé mi ni Ìdùnnú wà lọ́jọ́ tí òkè náà bú. Mo tan tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀, mo ń rán etí aṣọ. Ìròyìn náà ò pẹ́: èéfín ṣú bolẹ̀, iná ń ṣàn wọ ìsàlẹ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná, wọ́n ń kó àwọn èèyàn sínú ọkọ̀ ojú omi.

Ó figbe ta. "Abúlé wa nìyẹn! Ìyá Adnan, abúlé wa nìyẹn! Màmá mi ò lè sáré o, orúnkún ń dùn wọ́n. Ta ló máa gbé wọn dé etíkun?"

Ó gbé ọmọ jù sí mi lọ́wọ́, ó kúnlẹ̀ síwájú tẹlifíṣọ̀n, ó ń wo ojú gbogbo ìyá arúgbó tó wà nínú ọkọ̀ náà. Bí Rahmon ṣe wọlé, ó fà á lọ́wọ́.

"Bàbá Ramlat, ẹ bá mi wò ó, ojú yín mú ju tèmi lọ. Ìyẹn tó wérí yẹn, ṣé Màmá kọ́ nìyẹn?"

Rahmon wo ilẹ̀. Ó ní, "Take it easy, Ìdùnnú."

Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kó sọ ọ́. Kò sọ ọ́. Ó ń dúró de Alhaji tí yóò ti Mẹ́kà dé. Ìyàwó rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í pe gbogbo ìlú tí wọ́n bá kó àwọn ará abúlé náà lọ, ó ń béèrè ìyá arúgbó kan tí orúnkún ń dùn, ó ń ṣàpèjúwe rẹ̀ fún àwọn tí kò mọ̀ rí lórí tẹlifóònù, kò jẹun, omi ọyàn rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ.

Cornelius ló pè níkẹyìn láti ibi tí wọ́n kó wọn lọ. Ìdùnnú ló gbé e. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó bi í ni pé níbo ló gbé Màmá sí. Cornelius sọ fún un pé Màmá ti kú kí Ìdùnnú tó bímọ, pé Rahmon mọ̀, pé àwọn dúró dè é títí. Iná ti ṣàn bo itẹ́ òkú àti ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé wọn. Ilẹ̀ ibẹ̀ ṣì ń jó, ìjọba sì ti ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ padà síbẹ̀ mọ́.

Ìdùnnú ò pariwo. Ó bi ọkọ rẹ̀ pé, "Kásẹ́ẹ̀tì dà?"

Rahmon lọ sídìí mọ́tò, ó mú un wá.

Nígbà tí Alhaji Mùsílíù dé, ó kó àwọn àgbà wá kí i. Wọ́n ní ikú tó pa ìyá kò ní pa ọmọ, wọ́n ní Ramlat ni ìyá tó padà wá. Ìdùnnú kúnlẹ̀ bí a ṣe kọ́ ọ, ó ní, "Ẹ ṣeun, sà." Alhaji ní kó sọ ohun tó bá fẹ́ kí àwọn ṣe.

Ó ní, "Ẹ bá mi gbé òkúta mi síbẹ̀."

Alhaji ń fi ọwọ́ pa orí fìlà rẹ̀. Inú rẹ̀ bí mi, àánú rẹ̀ sì ṣe mí, torí mo mọ̀ pé kò sí ìkà nínú ọ̀rọ̀ yìí láti òkè délẹ̀. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Ìdùnnú wá sọ́dọ̀ mi, ó ń fọ́mọ lọ́yàn. Ó ní, "Ìyá Adnan, ṣé wọ́n ti ṣe irú èyí fún yín rí?"

Mi ò lè purọ́ fún un. Mo ní nígbà tí bàbá mi kú ní Ìkirè, wọ́n fi pamọ́ fún mi títí mo fi délé. Àwọn àgbà ló mú mi lọ sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n fi sàréè hàn mí. Mo sunkún, mo fi ọwọ́ kan ilẹ̀ náà, lẹ́yìn náà ni mo kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Ó ní, "Ilẹ̀ yẹn dúró dè yín."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó ní, "Tèmi náà dúró dè mí. Ẹ̀yin lẹ ò jẹ́ kí n lọ."