Ọ̀rá Tí Mo Tẹ́ fún Ìyá Mi

Òórùn ìtọ̀ ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ọkọ̀ ilé wa ní Fìdítì ní ìlà ìjókòó mẹ́ta, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ sì jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń wọ́ sẹ́yìn. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn yẹn ni ìyá mi máa ń jókòó sí, nítorí pé ibẹ̀ ló rọ orúnkún wọn lọ́rùn láti gùn. Ní Àlàmísì kan lóṣù, mo máa ń gbé wọn lọ sí ọsibítù ní Ọ̀yọ́, kí wọ́n lè yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wọn wò. Nígbà tí òórùn náà dé, ẹ̀gbẹ́ wọn ló ti ń wá. N kò bi ẹnikẹ́ni léèrè kí n tó dá ẹjọ́.

Ìyàwó mi ní bó bá jẹ́ ìyá ni, kí ló dé tí yàrá wọn kò rùn, tí ẹní wọn kò rùn? Ọ̀rọ̀ tó lójú ni. Ṣùgbọ́n tíṣà ni mí, ó sì ti mọ́ mi lára kí n dá ọmọ lẹ́bi kó tó ṣàlàyé ara rẹ̀. Mo ní arúgbó ni wọ́n, bóyá ọkọ̀ ló ń mì wọ́n. Mo lọ ra lọ́fínńdà tí wọ́n ń so mọ́ dígí. Lọ́fínńdà àti ìtọ̀ bá dàpọ̀, ó wá burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kan tí gbogbo wa ń bọ̀ láti ibi ìsọmọlórúkọ ní Àwẹ́, àbíkẹ́yìn mi fi ọwọ́ dí imú, ó ní, "Ìyá àgbà ló tọ̀ sínú ọkọ̀." Ìyá mi ń wo ìta. Èmi ni bàbá ọmọ, èmi ló yẹ kó bá a wí. Mo tẹjú mọ́ títì bí ẹni tó rí kòtò níwájú. Ìyàwó mi ló gbá a lẹ́nu.

Ní Àlàmísì tó tẹ̀ lé e, mo mú ọ̀rá fífẹ̀ kan, irú èyí tí wọ́n fi ń we tìmùtìmù tuntun, mo tẹ́ ẹ sórí ìjókòó wọn. Mo ti wá irọ́ sílẹ̀. Mo ní eruku ọ̀nà ni, kó má baà ba aṣọ wọn jẹ́. Ìyá mi dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀, wọ́n wo ọ̀rá náà, wọ́n wò mí. Wọ́n ní, "O ṣeun, ọkọ mi." Wọ́n wọlé, wọ́n jókòó, ọ̀rá náà sì ń dún lábẹ́ wọn títí a fi dé Ọ̀yọ́.

Láti ọjọ́ náà ni ìyá mi ti bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ Àlàmísì. Ìgò omi tí mo ń fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, bó ṣe kún lọ náà ló ń kún bọ̀. Nọ́ọ̀sì wo ètè wọn tó gbẹ, ó ní omi ti dín kù lára wọn, pé ó léwu fún ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìyá mi ní àwọn ń gbààwẹ̀ ni. Àwa Mùsùlùmí mọ̀ pé ẹ̀san ń bẹ nínú ààwẹ̀ ọjọ́ yẹn, kódà mo fi yangàn ní mọ́sálásí pé ẹ wo ìyá mi, pẹ̀lú ọjọ́ orí wọn. Lóṣù kẹta, òòyì kọ́ wọn níbi tí wọ́n ti ń sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n ṣubú. Mo dì wọ́n mú, mo sì tún ń kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n rọra máa sin Ọlọ́run.

Ilẹ̀kùn tí wọ́n ń wọ́ yẹn ló tú àṣírí. Ó há, kò lọ, kò bọ̀. Mo wa ọkọ̀ lọ sí Ìlorà, sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń tún inú ọkọ̀ ṣe. Ó ní àfi kí òun tú bọ́ọ̀dù, ìyẹn àwọn ike ńlá tí wọ́n fi bo irin ara ọkọ̀ nínú. Ó ní ìlànà kan: ọlọ́kọ̀ kì í lọ jókòó sábẹ́ igi. Ó fi báírò ya àwòrán bọ́ọ̀dù náà sórí páálí, ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó ní bí òun bá ṣe ń yọ skúrù, kí n máa gún un mọ́ ojú ibi tó ti jáde. Bí ọ̀kan bá ṣẹ́kù níkẹyìn, a jọ jẹ̀bi ni. Mo fẹ́ràn ìlànà náà. Èmi náà fẹ́ràn kí nǹkan wà létòlétò.

Igi pẹlẹbẹ ló fi ń tú etí bọ́ọ̀dù, kò lo irin, kó má baà ha á. Àwọn ike kéékèèké tó dì í mú ń já lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó ṣe fa bọ́ọ̀dù náà kúrò lára irin, òórùn yẹn jáde, àwa méjèèjì sì fò sẹ́yìn. Ó tan tọ́ọ̀ṣì síbẹ̀.

"Tíṣà, ẹ wá wo àwọn tí ẹ ń gbé kiri."

Ìtẹ́ eku ni. Fóòmù ìjókòó tí wọ́n ti gé wẹ́wẹ́, èèpo àgbàdo, àgbàdo gbígbẹ tó tó ìkúnwọ́ méjì, gbogbo rẹ̀ rin gbingbin fún ìtọ̀ eku. Ọmọ eku mẹ́rin tí kò tíì lajú wà láàárín. Mo mọ àgbàdo náà. Inú ọkọ̀ yẹn ni mo fi kó o ti oko dé, àpò kan sì ya. Ìyá mi sọ fún mi lọ́jọ́ náà pé kí n gbá a dáadáa, kí eku má baà tẹ̀ lé e wọlé. Mo ní mo ti gbọ́.

Ọkùnrin náà bi mí pé ta ló ń jókòó síbí. Mo ní ìyá mi ni. Ó ní ṣé wọn kì í ráhùn ni? Páálí wà lọ́wọ́ mi, skúrù mọ́kànlá tò sórí rẹ̀ létòlétò. Ojú tì mí débi pé n kò lè wo ojú ẹni tí n kò mọ̀ rí.

Ó kó ìtẹ́ náà dànù, ó fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ ibẹ̀, a ṣí gbogbo ilẹ̀kùn sí oòrùn. Hóró àgbàdo ló ti há sójú irin tí ilẹ̀kùn ń gbà. Lẹ́yìn náà ó gbé bọ́ọ̀dù padà, mo ń fa skúrù yọ lára páálí, mo ń kó o fún un. Ìkankan kò ṣẹ́kù. Bí ẹ bá wo ibẹ̀, ẹ kò ní mọ̀ pé ẹnikẹ́ni tú u rí.

Nígbà tí mo délé, ìyàwó mi ni mo kọ́kọ́ sọ fún, nítorí ojo ni mí. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ààwẹ̀ wo ni wọ́n ń ṣínu rẹ̀ láago méjì ọ̀sán? Bí ẹ bá ti já wọn sílẹ̀ tí ẹ padà síléèwé, ife omi mẹ́ta ni wọ́n ń mu tẹ̀léra. Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ sọ. Wọ́n ní àwọn kò mọ̀ pé àwọn ń tọ̀, ṣùgbọ́n bí ọmọ àwọn bá ti lè tẹ́ ọ̀rá, á jẹ́ pé òótọ́ ni."

Mo wọ yàrá ìyá mi, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo ní eku ni, àgbàdo tí wọ́n ní kí n gbá ni, èmi ni mo fà á.

"Ṣé kì í ṣe èmi?" Wọ́n bèèrè rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

"Ẹ̀yin kọ́, Màámi."

Wọ́n ní kí n dìde, ilẹ̀ tutù.

Mo ju ọ̀rá náà sẹ́yìn ilé ìdáná. Nígbà tí Àlàmísì wa tún pé, ilẹ̀kùn ń yọ̀ geere, inú ọkọ̀ ń rùn bí ọṣẹ. Mo di ọwọ́ ìyá mi mú kí wọ́n lè gùn. Wọ́n ní kí n dúró ná. Wọ́n ṣí báàgì wọn, wọ́n fa ọ̀rá náà yọ. Wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n sì ti ká a dáadáa. Wọ́n tẹ́ ẹ, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ etí rẹ̀ kó tò, wọ́n jókòó lé e.

Mo ní, "Màámi, ẹ̀yin kọ́ mà ni."

Wọ́n ní, "Mo gbọ́, ọkọ mi. Jẹ́ kó wà níbẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Mo gbé ìgò omi fún wọn, wọ́n gbà á, wọ́n dúpẹ́. Nígbà tí a fi máa dé Ọ̀yọ́, wọn kò tíì ṣí i.