Tábìlì Mìkáílù tí Mo Rán Aṣọ Bò

Mìkáílù kì í purọ́. Ohun tó ba ayé rẹ̀ jẹ́ nìyẹn, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún yín pé tábìlì ni.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, ilé rẹ̀ ò jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù mi lẹ́yìn Ọjà Akẹ̀sán, níbi tí mo ti ń ránṣọ. Ó ti ṣe kúùkù fún òyìnbó Ítálì kan tó ń ṣe ọ̀nà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tí òyìnbó náà ń padà sílùú wọn, ó fún un ní tábìlì àárín pálọ̀ kan tí bàbá òyìnbó náà rà láyé àtijọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ òkúta mábù funfun, orí rẹ̀ jẹ́ dígí, kò sì ga ju orúnkún lọ. Wọ́n fín orúkọ ẹni tó ṣe é sábẹ́ òkúta náà. Mìkáílù ò lè kà á, ṣùgbọ́n ó máa ń fọwọ́ pa á. "Télọ̀, ẹni yìí mọṣẹ́," ló máa ń wí fún mi.

Ìyàwó rẹ̀ ti kú, Bushrah nìkan ló bí. Lọ́dún 1988, tíṣà kan tó ń jẹ́ Abdulkareem ní òun fẹ́ fẹ́ Bushrah, àwọn èèyàn rẹ̀ sì dá ọjọ́ tí wọn yóò wá tọrọ ọmọ. Inú Mìkáílù dùn débi pé ó gbé tábìlì náà jáde láti yàrá, níbi tó ti fi kúbùsù wé e láti ọdún mẹ́rin. Ó fẹ́ ṣí i lójú àwọn àna lẹ́yìn àdúrà. Ó ní kí n rán nǹkan bò ó kí eruku má bà á.

Mo rán an. Àrán pupa ni, mo tẹ́ fóòmù sínú rẹ̀ kó má họ dígí, mo sì fi okùn aláwọ̀ wúrà ṣe etí rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. Orí mi wú sí iṣẹ́ ọwọ́ ara mi. Ẹni tó bá wọlé yóò rò pé àga ọba ni.

Ohun tí Alhaji Israfil rò gan-an nìyẹn. Òun ni ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ, arúgbó tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Ìrẹsà ni wọ́n ti gbé e wá. Ó wọlé, ó wò yíká, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọra jókòó sórí tábìlì. Mìkáílù rí i. Èmi náà rí i. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ní kí àgbà àna dìde lọ́jọ́ tó wá tọrọ ọmọ? Mìkáílù dọ̀bálẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ kú ìrìn."

Dígí náà gbà á fúngbà díẹ̀. Wọ́n ka Fàtíhà, kò ṣe nǹkan kan. Ìgbà tí bàbá nawọ́ gba omi ló fọ́. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò yàtọ̀ sí àwọ̀ aṣọ tí mo rán.

Wọ́n rán itan rẹ̀ ní ọsibítù, ó yè, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ náà ò tẹlẹ̀ dáadáa mọ́. Lọ́sẹ̀ kejì, èmi àti Mìkáílù lọ bẹ̀ ẹ́ ní Ìrẹsà. Bó bá gba ẹ̀bẹ̀, ìgbéyàwó wà. Èmi ló kọ́kọ́ kọjú sí.

"Télọ̀, ṣé o rí mi nígbà tí mò ń jókòó?"

"Rárá, sà. Ìta ni mò ń wò."

"Bàbá Bushrah ńkọ́?"

"Mo rí yín, sà," Mìkáílù dáhùn. "Mo mọ̀ pé dígí ni. Ojú ló tì mí láti ní kẹ́ ẹ dìde."

Bàbá náà fúnra rẹ̀ ì bá gbà, mo rí i lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ ti dìde. Wọ́n ní àwọn ò lè bá ẹni tó mọ̀ tó sì dákẹ́ ṣe àna. Abdulkareem wà níbẹ̀, kò gbójú sókè. Bí mo bá ti ní èmi náà rí i ni, wọn ì bá mọ̀ pé ojú àna ló pa wá lẹ́nu mọ́, pé kì í ṣe ìkà. Mo jẹ́ kí Mìkáílù nìkan ru ẹ̀bi náà.

Nínú mọ́tò tí à ń bá bọ̀, mò ń retí kó bú mi. Ó kàn ní, "Aṣọ yẹn dára, Télọ̀."

Bushrah kó lọ sọ́dọ̀ ẹbí ìyá rẹ̀ ní Ìkòyí-Ilé. Kò pé ọdún kan lẹ́yìn náà tí Mìkáílù fi kú. Lọ́jọ́ tí a sin ín, Bushrah kúnlẹ̀ síwájú mi, ó ń sunkún, ó sì ń dúpẹ́ pé mo dúró ti bàbá òun dópin.

Mo ní kò tọ́pẹ́.