Bẹ́ǹṣì Tí Bàbá Mi Jókòó Sí

Ilé ìwé wo ni bàbá mi lọ? Ìbéèrè tí ọmọdé lè dáhùn nìyẹn, ṣùgbọ́n èmi tí mo ti tó lọ sílé ọkọ kò lè dáhùn rẹ̀. Nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le, bí a bá bi í lónìí, á ní èyí tó wà nítòsí ọjà kékeré ni. Lọ́la á ní ti àwọn fáda ni. Bí a bá tẹnu mọ́ ọn, á ní, "Èyí tó wà létí odò," á sì dìde kúrò nídìí oúnjẹ. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bóyá ṣe ni wọ́n lé e. Kò rẹ́rìn-ín sí i rí.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà wá di dandan, kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú apá ọ̀tún rẹ̀, ó sì ti mú ahọ́n rẹ̀ pẹ̀lú. Ó kàn dùbúlẹ̀ nínú ilé wa ní àdúgbò Bobiel, ó ń wo àjà.

Ìgbà tí ẹgbẹ́ òṣèlú ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ̀ bí ewé ní Niamey, olú ìlú Niger, ni. Àwòrán àwọn olóṣèlú bo gbogbo ògiri, rédíò ò sinmi, ẹni tó bá sì ti rí ẹ̀rọ gbohùngbohùn gbà, á bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ta ni onílẹ̀, ta ni àlejò. Wọn ò dárúkọ wa. Ṣùgbọ́n aládùúgbò wa kan, tó jẹ́ pé ìyá mi ló ń rán aṣọ ọdún àwọn ọmọ rẹ̀, bi mí lọ́jọ́ kan bí ẹni ń ṣeré pé, "Ẹ̀yin Yorùbá, ìgbà wo lẹ máa padà sílé?" Mo ní ilé ibo? Ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ inú mi ò dùn rárá.

Mo ti yege nínú ìdánwò iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ìwé ọmọ ìlú, èyí tí wọ́n ń pè ní nationalité, ló kù tí mo máa mú wá kí n tó wọlé. Ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní àdúgbò Plateau, ọkùnrin tó jókòó lẹ́yìn tábìlì wo orúkọ bàbá mi, ó tún wo ojú mi.

Ó ní, "Mademoiselle, ta ló mọ̀ pé ibí ni bàbá yín dàgbà sí?"

Mo ní gbogbo àdúgbò mọ̀.

"Àdúgbò kì í búra. Ẹ mú ẹnì kan wá tó bá a jókòó lórí bẹ́ǹṣì ilé ìwé. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹlòmíràn á gba àyè yín." Kò pariwo, kò sì fajú ro. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù.

Mo délé, mo sọ fún ìyá mi. Aṣọ ló ń rán lọ́wọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó ní, "Wá iṣẹ́ mìíràn."

"Kí ló dé?"

"Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ."

Inú bí mi. Mo ní ẹni tó bá fẹ́ máa fi nǹkan pa mọ́ kò yẹ kó bímọ sí ìlú tí wọ́n ti ń bèèrè ìwé. Mo lẹ́nu nígbà yẹn, mo ṣì lẹ́nu báyìí. Ó kàn ń wo yàrá tí bàbá mi wà.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kiri. Ní ilé ìwé tó wà nítòsí ọjà kékeré, wọn ò gbọ́ orúkọ náà rí. Ti àwọn fáda, bákan náà. Mo wá lọ sí èyí tó wà létí odò. Mo dárúkọ bàbá mi fún ọ̀gá ilé ìwé ibẹ̀.

Ó ní, "Bàbá tó bí yín lọ́mọ?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Kò bi mí ní nǹkan mìíràn. Ó júwe ilé olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, ní Harobanda lódìkejì odò, tó ṣe ọmọ ilé ìwé níbẹ̀ láyé àtijọ́. Ó sìn mí dé ẹnu ọ̀nà, ó sì dúró síbẹ̀ títí mo fi jáde ní géètì. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, ó ṣì ń wò mí.

Mo wọ takisí gba orí afárá. Ọyẹ́ mú, eruku bo ojú ọ̀run, odò sì kún dé etí, torí ìgbà ọyẹ́ ni odò wa máa ń kún, láìsí òjò. Mo rántí pé bí a bá ń gba ibẹ̀ kọjá nígbà tí mo wà ní kékeré, bàbá mi á di ojú, á sì di ọrùn ọwọ́ mi mú títí á fi dùn mí. Kò jẹ́ kí ọ̀kankan nínú wa dé etí omi. Ìbejì ni bàbá mi. Wọ́n sọ fún wa pé èkejì rẹ̀ rìnrìn àjò lọ sí Kumasi, bàbá mi sì gbà á gbọ́ débi pé méjì méjì ló ń ra fìlà ọdún, tó ń fi ọ̀kan sínú àpótí. Ó pẹ́ tí mo fi ń retí kí èkejì bàbá mi yìí dé láti Kumasi tòun ti ẹrù. Ọmọ ilé ìwé Faransé ni mí. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé àwọn ènìyàn wa kì í sọ pé ìbejì kú.

Bàbá olùkọ́ náà ń mu tíì lábẹ́ igi. "Fofo, fofo," ó kí mi tayọ̀tayọ̀. Mo dárúkọ bàbá mi. Ó gbé ife sílẹ̀.

"Ọmọ mi, ta ló rán ọ?"

Mo ní kò sí.

"Ẹni tó ń jẹ́ orúkọ yẹn, mo wà létí odò nígbà tí wọ́n gbé òkú rẹ̀ jáde nínú omi. Ìsinmi Kérésì ni. Omi kún bó ṣe kún yìí."

Mo ní bàbá mi wà nílé, ní Bobiel, ó ń mí.

"Mo mọ̀. Ìyẹn ló bà wá lẹ́rù. Ọjọ́ tí ilé ìwé wọlé, òun náà wọlé. Aṣọ yẹn, ojú yẹn. Olùkọ́ pe orúkọ, ó dáhùn. Òyìnbó ni olùkọ́ wa, ó ti lọ lo ìsinmi lókèèrè, kò mọ nǹkan kan. Àwa ọmọdé la mọ̀. A ò mọ̀ nígbà yẹn pé wọ́n jẹ́ méjì, torí ọ̀kan ṣoṣo ni bàbá bàbá rẹ fi sí ilé ìwé. Èkejì ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ ní àdúgbò mìíràn. Wàláhì, a rò pé àwọn ará inú omi ló dá a padà."

"Ṣé ẹ bá a jókòó?"

"Ta ló máa bá a jókòó? Ọmọ tó wà lórí bẹ́ǹṣì yẹn sá lọ sẹ́yìn. Òun nìkan ló dá jókòó síbẹ̀ títí tó fi kúrò. Ife tó bá fi mumi, a kì í fẹnu kàn án. Kò bá wa jà. Ó kàn ń dáhùn sí orúkọ náà."

Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ Plateau fún un. Ó ní, "Bí mo bá wá, orúkọ òkú ni mo máa búra sí. Bí mo bá sọ òótọ́, ìwé bàbá rẹ àti ìwé gbogbo yín á bàjẹ́. Ṣùgbọ́n bí o bá ní kí n wá, mo máa wá."

Mo délé pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Ìyá mi wo ojú mi, ó mọ̀ pé mo ti gbọ́. Ìgbà náà ló tó la ẹnu. Ó ní ìyá bàbá mi ló sọ pé àyè ìbejì kì í ṣófo, pé ohun tó jẹ́ ti ọ̀kan, ti èkejì ni. Wọ́n gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ọmọ tó kù, wọ́n wọ aṣọ èkejì rẹ̀ fún un, wọ́n ní kó lọ bá a di àyè mú títí yóò fi ti ìrìn àjò dé.

Ó di àyè náà mú. Ẹni yẹn ò dé.

Ìyá mi sọ orúkọ tí wọ́n fi ṣe ìrìbọmi fún un gan-an fún mi. Mo wọlé tọ̀ ọ́, mo fẹnu sún mọ́ etí rẹ̀, mo pe orúkọ náà. Bàbá mi, tí kò tíì dá ẹnikẹ́ni lóhùn láti ìgbà tí àìsàn ti dá a dùbúlẹ̀, yí ojú sí mi. Ohùn kan jáde lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Ó dáhùn.

Mo ní, "Bàbá, ṣé kí ẹni Harobanda wá búra?" Ó fi ọwọ́ òsì di ọrùn ọwọ́ mi mú, bó ṣe máa ń ṣe lórí afárá, kò sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Omijé ń dà lójú rẹ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́ láti máa dáhùn fún ẹlòmíràn.

Ní Ọjọ́bọ̀, mi ò lọ sí Plateau. Ẹlòmíràn gba iṣẹ́ náà. Ó dùn mí, ó ń dùn mí títí di òní, n kò ní purọ́. Mo fa bẹ́ǹṣì tí ìyá mi fi ń ránṣọ sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo sì jókòó ti bàbá mi. Kò wò mí. Àyè tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló tẹjú mọ́, títí mo fi sún fún ẹni tó ń wò.