Tíṣà Bámidélé àti Ìràwọ̀ Onírù

Bí wọ́n bá dárúkọ olóògbé Tíṣà Jósáyà Bámidélé ní àdúgbò Basin ní Ìlọrin, ọ̀rọ̀ Plúútò ni gbogbo ẹnu kọ́kọ́ máa ń sọ. Ọdún 1988 ni. Tíṣà, ọmọ Ọ̀mù-Àrán tó ti fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì kó tó fẹ̀yìn tì, kó gbogbo ará ilé jọ sí àgbàlá. Ó gbé ọsàn kan lé orí àpótí, ó ní oòrùn nìyẹn. Ó ka ìṣísẹ̀ mọ́kànlá, ó ki píìnì kan bọlẹ̀, ó ní orí píìnì yẹn ni gbogbo ayé.

Alhaji Ìbráhímù tó ni ilé náà ń bá aládùúgbò rẹ̀ jà lórí ààlà ilẹ̀ nígbà náà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo píìnì náà títí.

"Tíṣà, gbogbo ayé? Àti Mẹ́kà?"

"Àti Mẹ́kà, Alhaji."

"Àti ilẹ̀ mi tí ọkùnrin yìí ń jẹ wọ̀?"

"Òun náà wà níbẹ̀."

Alhaji nàró. "Wàláì, bó bá ti kéré tó báyìí, mi ò ní í yọ̀ǹda ìka kan fún un níbẹ̀."

Ó wá ku Plúútò, èyí tí wọ́n kà sí ìkẹyìn nínú àwọn tó ń yí oòrùn po nígbà náà. Tíṣà fún Àbdùlgàfárù kafíńtà ní agbòòrùn kan, ó ní kó ka irinwó ìṣísẹ̀ ó lé díẹ̀ sí ọ̀nà Tanke, kó dúró síbẹ̀ kí gbogbo èèyàn lè máa rí i lọ́ọ̀ọ́kán. "Má kúrò níbẹ̀ o, Gàfárù, àfi bí mo bá wá pè ọ́."

Kò pẹ́ ni òjò dé. Ó di bó-ò-lọ-o-yà-mí. Àwọn ọmọdé bó oòrùn, wọ́n jẹ ẹ́. Tíṣà wọlé, ó gbàgbé. Lẹ́yìn ìrun mọ̀ọ́ríbì ni Ràúdátù, ìyàwó Gàfárù, jáde lọ wá ọkọ rẹ̀, ó bá a níbi tó dúró sí, tí agbòòrùn ti ya, tí eyín rẹ̀ ń gbá pàkàpàkà. Ó fà á wálé.

"Tíṣà," ni Gàfárù wí, "ó tutù níbẹ̀ o."

Ojú Tíṣà tàn. "Ẹ gbọ́ bí? Bó ṣe rí ní Plúútò gan-an nìyẹn!"

Láti ọjọ́ náà, ibi yòówù kí àwọn méjèèjì ti pàdé, Gàfárù á ní, "Tíṣà, ẹ ò tíì wá pè mí o." Tíṣà á ní, "Dúró dè mí, mò ń bọ̀."

Ní 1989, Tíṣà kó ìdúpẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Pásítọ̀ bi í pé ta ló ti àjò dé.

"Ọkọ̀ kan ni, sà. Ó ti rin ọdún méjìlá nínú òfuurufú, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Nẹ́pítúùnù láìfarapa."

"Èèyàn mélòó ló wà nínú rẹ̀?"

"Kò sí ẹnì kankan, sà."

Pásítọ̀ gbàdúrà pé bó ṣe lọ ní àlàáfíà, kó padà ní àlàáfíà. Tíṣà tí kì í lè pa òtítọ́ mọ́nú dá sí i pé, "Kò ní í padà mọ́ láéláé." Gbogbo ìjọ pariwo pé Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Orin ìsìnkú ni akọrin kan bẹ̀rẹ̀.

Tíṣà fi páìpù omi àti gíláàsì tó rà ní Ọjà Tuntun ṣe ohun èlò ìwosánmọ̀. Àríkẹ́ aya rẹ̀ nìkan ló kọ̀ tí kò fojú sí i rí. "Gbogbo wa là ń lọ sọ́run," ni ìyá náà máa ń wí. "Ta ló ń kánjú yọjú?"

Ohun kan ṣoṣo ni Tíṣà fẹ́ rí kó tó kú: ìràwọ̀ onírù. Bàbá rẹ̀ rí ọ̀kan ní 1910, ó sì fi ìtàn rẹ̀ tọ́ ọ dàgbà. Nígbà tí ọ̀kan náà yẹn padà wá ní 1986, eruku ọyẹ́ bo sánmọ̀ Ìlọrin, kò rí nǹkan kan. Ó di ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin sí i kó tó tún yọ. Tíṣà sunkún lọ́jọ́ náà, kò sì tijú.

Ní 1997, rédíò ní òmíràn ń bọ̀, tí a ó fi ojú lásán rí. Ó ṣeni láàánú pé ojú Tíṣà ti lọ nígbà náà. Dókítà ní èyí tó bá ti lọ kò ní í padà. Ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn nìkan ló ń dá mọ̀. Ó wá ní bí òun ò bá lè rí i, kí ẹnì kan tí kò ní í purọ́ bá òun rí i, kí òun ṣáà mọ̀ pé ó dé Ìlọrin.

Ìkùukùu ṣú bolẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ mẹ́fà gbáko. Àánú rẹ̀ ṣe Alhaji. Ó wọlé, ó ní, "Tíṣà, mo ti rí i!"

"Ìrù rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó ń wọ́lẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀, bí aṣọ ìyàwó."

"Ẹ ṣeun, Alhaji. Ẹ ò rí i."

Gàfárù dé lọ́jọ́ kejì. Ó ní ìrù náà ń jù sọ́tùn-ún, ó ń jù sósì.

"Ajá lo rí, Gàfárù."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Tíṣà ò jẹun alẹ́ mọ́. Ó rò pé bí yóò ṣe kọjá lọ náà nìyẹn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹjọ, Àríkẹ́ jáde lọ kó aṣọ lórí okùn. Ó pẹ́ kó tó wọlé.

"Bàbá Kẹ́mi, nǹkan kan wà lókè yẹn tó dojú dé."

"Báwo?"

"Orí ẹ̀ ló kọ sísàlẹ̀, síbi tí oòrùn wọ̀ sí. Ìrù ẹ̀ wá nà sókè, ó fẹ̀, ó funfun, bí ìgbálẹ̀ tí wọ́n gbé ti ògiri. Kí ló ń gbé ìrù sókè báyẹn?"

Tíṣà wá ọwọ́ rẹ̀ kàn, ó dì í mú. "Oòrùn ló ń tì í. Ibi yòówù kó máa lọ, ẹ̀yìn ni ìrù ẹ̀ ń kọ sí oòrùn. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, Àríkẹ́. O ti rí i." Omijé ń dà lójú àwọn méjèèjì. Títí ìràwọ̀ náà fi wọ̀ọ̀kùn, ìrọ̀lẹ́ kan ò kọjá kí ìyá tí kì í yọjú má dúró ní àgbàlá, kó máa ròyìn fún un láti ojú fèrèsé.

Tíṣà kú ní oṣù kẹjọ ọdún náà. Gàfárù ló kan pósí rẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ tó ń gbé e lọ sí Ọ̀mù-Àrán fẹ́ gbéra, wọ́n wá Gàfárù tì. Ràúdátù nìkan ló mọ ibi tó wà. Wọ́n bá a ní ọ̀nà Tanke, ní irinwó ìṣísẹ̀ ó lé díẹ̀, ó ṣí agbòòrùn, bẹ́ẹ̀ ni òjò kò rọ̀.

"Gàfárù, ọkọ̀ ń lọ," ni Alhaji wí.

"Tíṣà ní kí n má kúrò, àfi báwọn bá wá pè mí."

Kò sẹ́ni tó lè rẹ́rìn-ín. Àríkẹ́ rìn lọ bá a, ó fọwọ́ kan èjìká rẹ̀.

"Gàfárù, Tíṣà ní kí o máa bọ̀ wálé."

Gàfárù pa agbòòrùn dé, ó sì tẹ̀ lé e.